Rudolf Diesel: Ọkùnrin Tí Orúkọ Rẹ̀ Wà Nínú Táǹkì Tírélà

Nígbà ìsinmi tó kọjá, mo lo ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ní ọgbà mẹkáníìkì àbúrò bàbá mi. Dádì Kékeré ni gbogbo wa ń pè é nílé. Ọkọ̀ akẹ́rù ni wọ́n ń tún ṣe níbẹ̀, tírélà àti típà. Kì í ṣe iṣẹ́ mẹkáníìkì ni mo bá lọ o. Ọ̀rọ̀ àyálò ni mo ń kó jọ fún iṣẹ́ àpilẹ̀kọ mi, mo sì ní ìwé kékeré kan lọ́wọ́ tí mo ń kọ wọ́n sí: gíábọ́ọ̀sì, kílọ́ọ̀ṣì, gáskẹ́ẹ̀tì, písítínì, nọ́sù, tọ́ọ̀bò. Ẹ̀yin tí ẹ ti ṣe iṣẹ́ yìí rí mọ̀ bó ṣe ń rí: àwọn òṣìṣẹ́ á máa fi ẹ rẹ́rìn-ín pé akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì ń béèrè ohun tí ọmọdé mọ̀.

Ní ọjọ́ kẹrin, wọ́n wọ́ tírélà kan wọlé. Omi ń jáde lẹ́nu ṣálẹ́ǹsà rẹ̀, èéfín funfun ń tẹ̀ lé e. Ẹni tó ni ín ti gbé e lọ sọ́dọ̀ ẹlòmíì ṣáájú, ó ní òkè ń dá a dúró nígbà tó bá ru ẹrù. Ẹni yẹn bá a fi kún atẹ́gùn tí tọ́ọ̀bò ń tì sínú ẹ́ńjìnnì, ó sì fi kún epo tí pọ́ǹpù ń fún un. Fún oṣù mélòó kan, ọkọ̀ náà ń gun òkè bí ẹni pé ìsàlẹ̀ ló ń lọ. Lẹ́yìn náà kílọ́ọ̀ṣì jó. Wọ́n pààrọ̀ rẹ̀. Kò pẹ́ tí gáskẹ́ẹ̀tì tó wà lábẹ́ orí ẹ́ńjìnnì náà fi bẹ́, tí orí ẹ́ńjìnnì fúnra rẹ̀ sì tẹ̀.

Dádì Kékeré jókòó sórí táyà, ó ṣàlàyé fún mi. Ẹ́ńjìnnì tí kò ní ohun tó ń ti atẹ́gùn fún un, fúnra rẹ̀ ló ń mí: písítínì á sọ̀ kalẹ̀, atẹ́gùn á wọlé. Tí a bá wá fi ẹ̀rọ tì í, yálà èyí tí bẹ́líìtì ń yí láti ara ẹ́ńjìnnì tàbí tọ́ọ̀bò tí èéfín ń yí, atẹ́gùn tó wọ inú ihò kan náà á pọ̀ sí i, a ó sì lè sun epo púpọ̀ sí i. Ṣùgbọ́n tí atẹ́gùn tó wọlé bá di ìlọ́po méjì, ipá tó wà níbẹ̀ nígbà tí písítínì bá tẹ̀ ẹ́ dé òkè náà á di ìlọ́po méjì, kí iná tó tilẹ̀ ràn. Nítorí náà, ẹni tó bá fẹ́ ṣe é dáadáa kò ní bẹ̀rẹ̀ lára tọ́ọ̀bò. Bóòtù tó di orí ẹ́ńjìnnì mú ló máa kọ́kọ́ wò, ó ní láti jẹ́ irin tó le ju ti tẹ́lẹ̀. Gáskẹ́ẹ̀tì náà bẹ́ẹ̀. Písítínì ní láti jẹ́ èyí tí wọ́n lù ní irin, kì í ṣe èyí tí wọ́n kàn dà. Ó lè ní láti dín bí písítínì ṣe ń tẹ atẹ́gùn tó kù, kí ipá má baà kọjá ààlà. Omi àti ọ́ìlì tó ń mú un tutù gbọ́dọ̀ pọ̀ sí i. Lẹ́yìn tó bá ṣe gbogbo èyí tán, agbára náà ṣì ní láti gba inú kílọ́ọ̀ṣì, gíábọ́ọ̀sì, irin gígùn abẹ́ ọkọ̀ àti jíà ẹ̀yìn kọjá kó tó dé táyà. Èyí tó bá rọ̀ jù nínú wọn ni yóò kọ́kọ́ kígbe. Ti ọkọ̀ yìí, kílọ́ọ̀ṣì ló kọ́kọ́ kígbe, wọn kò gbọ́.

Mo kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Ìgbà náà ni mo bi í pé kí ni díṣẹ́ẹ̀lì túmọ̀ sí. Ó wò mí bí ẹni pé mo bi í pé kí ni omi túmọ̀ sí. Ó ní epo ni. Mo ní mo mọ̀ pé epo ni, ṣùgbọ́n níbo ni ọ̀rọ̀ náà ti wá? Ó ní lọ́dọ̀ Òyìnbó.

Kò purọ́. Ṣùgbọ́n Òyìnbó kan pàtó ni, ó ní bàbá àti ìyá, ó jẹ gbèsè, ó sì kú ikú tí wọ́n ṣì ń jiyàn lé lórí di òní. Bí mo ṣe ń kà nípa rẹ̀ ni mo ń rí i pé ohun tó bẹ́ gáskẹ́ẹ̀tì tírélà yẹn ni òun náà fi gbogbo ayé rẹ̀ bá jà.

Wọ́n bí Rudolf Diesel ní ìlú Paris ní ọjọ́ 18 oṣù Kẹta ọdún 1858. Ará Jámánì ni àwọn òbí rẹ̀, láti agbègbè Bavaria. Theodor, bàbá rẹ̀, ń di ìwé, ó sì ń fi awọ ṣe àpamọ́wọ́ àti irú nǹkan bẹ́ẹ̀ tà. Owó kò pọ̀ nílé wọn. Ọmọ náà fẹ́ràn láti máa lọ sí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ẹ̀rọ tó wà ní Paris, á máa ya àwòrán ẹ̀rọ tó bá rí. Kẹ̀kẹ́ ńlá onísítíìmù tí Cugnot kọ́ ní nǹkan bí ọdún 1770 láti máa fa ìbọn ńlá àwọn ológun wà níbẹ̀ nígbà náà, ó sì wà níbẹ̀ di òní. Ẹ jẹ́ ká sọ pé òun ni bàbá ńlá ọkọ̀ akẹ́rù.

Ní ọdún 1870, ogun bẹ́ sílẹ̀ láàárín Faransé àti Prussia, Jámánì sì di ẹni tí wọn kò fẹ́ rí ní Paris. Ìdílé Diesel kó ẹrù wọn, wọ́n sá lọ sí Lọ́ńdọ́ọ̀nù. Ìyà pọ̀ níbẹ̀. Kí ọdún náà tó parí, wọ́n fi Rudolf, ọmọ ọdún 12, sọ́wọ́ mọ̀lẹ́bí ní Augsburg ní Jámánì, lọ́dọ̀ ọ̀gbẹ́ni Barnickel tó jẹ́ olùkọ́ ìṣirò. Ìyẹn ni pé ọmọ náà ti gbé nínú èdè mẹ́ta kó tó pé ọdún 13: Faransé, Gẹ̀ẹ́sì àti Jámánì. Ó sì gbọ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta dáadáa títí ó fi kú. Ó dùn mí pé ẹ̀rọ ló gbájú mọ́, à bá ti gbà á sí ẹ̀ka wa.

Àwọn òbí rẹ̀ fẹ́ kó tètè máa ṣiṣẹ́ kí owó lè wọlé. Òun ní ẹ́ńjìníà lòun fẹ́ dà. Ó gba ẹ̀bùn owó ẹ̀kọ́ ní ọdún 1875, ó wọ ilé-ẹ̀kọ́ gíga ti ìmọ̀ ẹ̀rọ ní Munich. Ibẹ̀ ló ti bá Carl von Linde pàdé. Linde ni ọkùnrin tó sọ ẹ̀rọ amóhuntutù di iṣẹ́ ńlá, ó sì mọ ọ̀rọ̀ ooru dénú. Nínú kíláàsì rẹ̀ ní ọdún 1878, Diesel gbọ́ pé nínú gbogbo ooru tó wà nínú èédú tí ẹ́ńjìnnì onísítíìmù ń jó, ìdá 6 sí 10 nínú 100 péré ló ń di iṣẹ́. Èyí tó kù ń bá afẹ́fẹ́ lọ. Ó kọ ọ́ sí etí ìwé rẹ̀ pé kí òun wá ọ̀nà láti ṣe ẹ́ńjìnnì tó máa súnmọ́ ohun tí ìmọ̀ sọ pé ó ṣeé ṣe. Àwa náà máa ń kọ nǹkan sí etí ìwé nínú kíláàsì. Èyí tí mo kọ ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, oúnjẹ ni.

Ibà táífọ́ọ̀dù dá a dúró ní ọdún 1879, kò lè jókòó ìdánwò àṣekágbá pẹ̀lú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Kó má baà jókòó lásán, ó lọ ṣiṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ Sulzer ní Winterthur ní Switzerland. Ẹ fi orúkọ Sulzer yìí sọ́kàn. Ó padà wá ṣe ìdánwò ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1880, máàkì rẹ̀ sì ga gan-an. Linde fún un níṣẹ́ ní Paris, níbi tí wọ́n ti ń kọ́ ilé iṣẹ́ yìnyín, láìpẹ́ ó di ọ̀gá ibẹ̀. Ní ọdún 1883 ó fẹ́ Martha Flasche, wọ́n sì bí ọmọ mẹ́ta.

Ó fi ọ̀pọ̀ ọdún gbìyànjú ẹ́ńjìnnì kan tó máa lo oru amóníà dípò oru omi. Kò yọrí sí nǹkan kan. Lẹ́yìn tó kó lọ sí Berlin ní ọdún 1890 ni èrò mìíràn gbòde kan lọ́kàn rẹ̀. Kí ló dé tí a fi ń wá iná fún epo? Tí a bá tẹ atẹ́gùn lásán pọ̀ tó, yóò gbóná dé ibi tí epo á fi gba iná fúnra rẹ̀ bí a bá ti fọ́n ọn sínú rẹ̀. Ẹnikẹ́ni tó bá ti fi pọ́ǹpù fún táyà kẹ̀kẹ́ lẹ́gùn-ún, tó sì fọwọ́ kan ẹnu pọ́ǹpù náà, mọ̀ pé atẹ́gùn tí a tẹ̀ pọ̀ máa ń gbóná. Ohun tí Diesel fẹ́ ni kó gbóná ju bẹ́ẹ̀ lọ fíìfíì.

Ó kọ̀wé béèrè fún àṣẹ ìhùmọ̀ náà ní ọdún 1892, wọ́n fún un ní ọdún 1893. Ní ọdún 1893 yìí kan náà ló gbé ìwé kékeré jáde lórí rẹ̀. Ìwé náà ní ìṣòro: ipá tó dá lábàá nínú rẹ̀ tó ìlọ́po 250 ipá atẹ́gùn tó yí wa ká. Kò sí irin, kò sí bóòtù, kò sí gáskẹ́ẹ̀tì tó lè gbà á láyé ìgbà náà. Òun fúnra rẹ̀ rí i láìpẹ́ pé bí wọ́n bá kọ́ ọ bẹ́ẹ̀, gbogbo agbára tó bá mú jáde ni yóò fi máa tẹ atẹ́gùn tirẹ̀, kò ní ku nǹkan kan tó máa fi ṣiṣẹ́. Ó rọra sọ̀ ọ́ kalẹ̀ sí ìlọ́po 30 àti díẹ̀ lé. Àwọn ọ̀tá rẹ̀ kò jẹ́ kó gbàgbé. Ní ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn náà, wọ́n ṣì ń sọ pé ẹ́ńjìnnì tó kọ́ kì í ṣe èyí tó gba àṣẹ lé lórí. Tí mo bá ní kí n sọ òótọ́, wọn kò ṣìnà pátápátá. Ohun tó wà nínú ìwé àti ohun tó dúró lórí ilẹ̀ kì í ṣe ọ̀kan náà. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń jiyàn yẹn kò kọ́ èyíkéyìí nínú méjèèjì.

Heinrich von Buz, ọ̀gá ilé iṣẹ́ ẹ̀rọ ní Augsburg, gbà láti kọ́ ọ, ilé iṣẹ́ Krupp náà sì dá sí i. Ní ọjọ́ 10 oṣù Kẹjọ ọdún 1893, wọ́n dán ẹ́ńjìnnì àkọ́kọ́ wò. Gíga rẹ̀ tó mítà 3. Bẹ́líìtì ilé iṣẹ́ ló ń yí i, nítorí kò tíì lè yí ara rẹ̀. Wọ́n fọ́n bẹntiróòlù sínú atẹ́gùn gbígbóná náà. Ìró bú gbàù, ohun èlò tí wọ́n fi ń wọn ipá fọ́ yángá, àwọn àfọ́kù rẹ̀ sì fò káàkiri. Orí ló kó àwọn tó dúró tì í yọ. Ipá tó bẹ́ nínú rẹ̀ lọ́jọ́ náà tó ìlọ́po 80. Ẹni tó bá wà ní ọgbà Dádì Kékeré lọ́jọ́ tí tírélà yẹn dé á mọ irú ojú tí wọ́n fi wo ara wọn.

Diesel kò rí i bí ìjákulẹ̀. Epo ti gba iná láìsí ẹni tó ṣá a, ohun tí òun ń wá nìyẹn. Wọ́n tú u palẹ̀, wọ́n tún un ṣe fún oṣù mélòó kan. Ní ọjọ́ 17 oṣù Kejì ọdún 1894, bẹ́líìtì ṣì ń yí i bíi ti tẹ́lẹ̀, ni ọ̀kan nínú àwọn òṣìṣẹ́ bá rí i pé apá bẹ́líìtì tó yẹ kó le ti dẹ̀. Ó túmọ̀ sí pé kì í ṣe ilé iṣẹ́ ló ń fa ẹ́ńjìnnì mọ́, ẹ́ńjìnnì ló ń fa ilé iṣẹ́. Òṣìṣẹ́ náà kò sọ̀rọ̀, ó kàn ṣí fìlà rẹ̀. Ìṣẹ́jú kan péré ni ẹ̀rọ náà fi dá yí. Nínú gbogbo ìtàn ayé Diesel, ibí yìí ni mo fẹ́ràn jù.

Ó tún tó ọdún mẹ́ta kó tó di ohun tí èèyàn lè tà. Ìṣòro tó le jù ni bí epo ṣe máa wọlé, torí pé ibi tí atẹ́gùn ti fún mọ́ra tó bẹ́ẹ̀ kì í gba àlejò. Wọ́n ní láti fi atẹ́gùn mìíràn tí wọ́n tẹ̀ le jùyẹn lọ fẹ́ epo náà wọlé, èyí sì gba ẹ̀rọ atẹ̀gùn ńlá lọ́tọ̀. Ẹ́ńjìníà ọ̀dọ́ kan, Imanuel Lauster, ló bá a jà á títí ó fi yanjú. Ní ọjọ́ 17 oṣù Kejì ọdún 1897, ọ̀jọ̀gbọ́n Moritz Schröter láti Munich wá wọ̀n ọ́n níwájú gbogbo ayé. Ó mú agbára tó súnmọ́ ti ẹṣin 18 jáde, nínú ooru 100 tó wà nínú epo rẹ̀, 26 ló sì di iṣẹ́. Ẹ rántí 6 sí 10 ti ẹ́ńjìnnì onísítíìmù. Ẹ́ńjìnnì náà wà ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ìmọ̀ ẹ̀rọ ní Munich lónìí. Ó wúwo tó tọ́ọ̀nù 4 ààbọ̀. Tọ́ọ̀nù 4 ààbọ̀ fún agbára ẹṣin 18! Àdé ọkọ̀ wo ló máa gbé ìyẹn?

Àṣírí kan wà nínú àwọn ìdánwò àsìkò náà tí kò pọ̀ nínú ìtàn tí àwọn èèyàn ń sọ. Diesel dán ohun tí Dádì Kékeré ń pè ní títi atẹ́gùn wò. Kì í ṣe òun ló kọ́kọ́ rò ó: Gottlieb Daimler, ẹni tó gbé ọkọ̀ akẹ́rù onípẹtiróòlù àkọ́kọ́ jáde ní ọdún 1896, ti gba ìwé àṣẹ lórí irú rẹ̀ ní ọdún 1885. Diesel mú kí abẹ́ písítínì máa ṣe pọ́ǹpù, kó máa tẹ atẹ́gùn díẹ̀ kó tó wọ òkè. Agbára lọ sókè lóòótọ́. Ṣùgbọ́n epo tó ń mu fún iṣẹ́ kan náà pọ̀ sí i. Ó wo ìwé ìṣirò rẹ̀, ó ní kí wọ́n yọ ọ́. Kì í ṣe agbára ló ń wá láti ìgbà tó ti jókòó nínú kíláàsì Linde, ìfiṣòfò ooru ló ń bá jà. Mo rò pé ó ṣì í ṣe, àmọ́ mo mọ ìdí tó fi ṣì í ṣe.

Owó wá dé wìtìwìtì. Adolphus Busch, ọlọ́tí ńlá ní Amẹ́ríkà, san mílíọ̀nù kan owó máàkì fún ẹ̀tọ́ láti máa kọ́ ọ lọ́hùn-ún. Ní ọdún 1898 wọ́n dá ilé iṣẹ́ kan sílẹ̀ tó gba gbogbo ẹ̀tọ́ rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ ní mílíọ̀nù 3 ààbọ̀. Ó kọ́ ilé ńlá sí Munich. Àmọ́ àwọn ẹ́ńjìnnì àkọ́kọ́ tó dé ọwọ́ oníbàárà kò gbádùn. Wọ́n tètè bàjẹ́, àwọn kan dá tiwọn padà. (Ẹ wo bí ayé ṣe rí: ilé iṣẹ́ ìṣáná ní Kempten wà lára àwọn tó kọ́kọ́ rà á. Àwọn tó ń ṣe ìṣáná lọ ra ẹ́ńjìnnì tí kò nílò ìṣáná.) Ẹjọ́ lórí ẹni tó ni ìhùmọ̀ kò tán. Orí bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́ ọ léraléra, oorun kò wá, àárẹ̀ ọkàn mú un, wọ́n sì gbé e lọ sí ilé ìtọ́jú ní ọdún 1898, ọdún kan náà tó di olówó.

Ní ìpàtẹ ńlá ti Paris ní ọdún 1900, ẹ́ńjìnnì rẹ̀ gba ẹ̀bùn tó ga jù. Ọ̀kan wà níbẹ̀ tó ń ṣiṣẹ́ pẹ̀lú òróró ẹ̀pà, àwọn tó ń wò ó kò sì mọ ìyàtọ̀. Ìjọba Faransé ló ní kí wọ́n dán an wò, nítorí ẹ̀pà pọ̀ ní àwọn ilẹ̀ Áfíríkà tó wà lábẹ́ wọn. Diesel ṣì ń sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀ ní ọdún 1912, pé lọ́jọ́ iwájú òróró irúgbìn lè ṣe pàtàkì bíi ti epo abẹ́ ilẹ̀. Nígbà tí mo sọ èyí fún Dádì Kékeré, ó béèrè iye tí kẹ́ẹ̀gì òróró ẹ̀pà jẹ́ lọ́jà báyìí, ọ̀rọ̀ parí.

Ohun mìíràn tún wà tó wù ú. Ní ọdún 1903 ó kọ ìwé kan tó ń jẹ́ Solidarismus, lórí bí àwọn òṣìṣẹ́ ṣe lè máa dá owó jọ díẹ̀díẹ̀ kí àwọn fúnra wọn lè ni ilé iṣẹ́. Àwa tí a mọ èésú àti àjọ lè gbọ́ ohun tó ń sọ yé ju bí àwọn ará ìlú rẹ̀ ṣe gbọ́ ọ lọ. Ìwé náà kò tà. Ọ̀rọ̀ owó tirẹ̀ gan-an kò sì dára. Ó ti kó owó sórí ilẹ̀ àti kànga epo, ó pàdánù púpọ̀ níbẹ̀. Lẹ́yìn tí ẹ̀tọ́ tó ní lórí ìhùmọ̀ náà parí ní nǹkan bí ọdún 1908, ẹnikẹ́ni ló lè kọ́ ọ.

Ẹ̀rọ náà sì ń gbilẹ̀ lójú rẹ̀. Ó wọ ọkọ̀ ojú omi, ó wọ ọkọ̀ abẹ́ omi. Ní ọdún 1912, Selandia, ọkọ̀ ńlá ti Denmark, gbéra lórí òkun pẹ̀lú ẹ́ńjìnnì díṣẹ́ẹ̀lì, àwọn èèyàn sì ń béèrè pé èéfín rẹ̀ dà. Ohun tí kò gbà fún un ni ọkọ̀ orí ilẹ̀. Ó gbìyànjú ẹ́ńjìnnì kékeré kan ní nǹkan bí ọdún 1908, bóyá ó lè wọ ọkọ̀ akẹ́rù, kò bọ́ sí i. Ẹ̀rọ atẹ̀gùn tó ń fẹ́ epo wọlé tóbi jù, irin tó lè gba ipá náà wúwo jù.

Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 1913, ó fún Martha ní báàgì kan, ó ní kó má ṣí i títí di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Ní ọjọ́ 29 oṣù náà, ó wọ ọkọ̀ ojú omi Dresden ní Antwerp, òun àti ojúgbà méjì, wọ́n ń lọ sí Ìlú Ọba fún ìpàdé lórí ilé iṣẹ́ tuntun. Wọ́n jẹun alẹ́ pọ̀. Ní nǹkan bí aago mẹ́wàá ó dágbére fún wọn, ó ní kí wọ́n jí òun ní aago 6 kọjá ìṣẹ́jú 15. Nígbà tí wọ́n kanlẹ̀kùn láàárọ̀, kò sí níbẹ̀. Kò sùn sórí bẹ́ẹ̀dì náà. Aṣọ orun rẹ̀ wà nílẹ̀ létòlétò, aago rẹ̀ wà níbi tó ti lè rí i látorí ibùsùn. Wọ́n bá fìlà àti kóòtù rẹ̀ lẹ́bàá irin ẹ̀yìn ọkọ̀, ó ká a dáadáa. Ní ọjọ́ mẹ́wàá lẹ́yìn náà, ọkọ̀ ojú omi Dutch kan rí òkú lórí òkun. Ó ti bàjẹ́ jù, wọ́n yọ ohun tó wà lápò rẹ̀, wọ́n dá a padà sínú omi. Eugen, ọmọ rẹ̀ ọkùnrin, wo àwọn ohun náà, ó ní ti bàbá òun ni. Nínú ìwé ìrántí Diesel, wọ́n rí àmì àgbélébùú kékeré ní ọjọ́ 29 oṣù Kẹsàn-án. Martha ṣí báàgì: owó ló wà níbẹ̀, pẹ̀lú ìwé tó fi hàn pé gbèsè ti wọ̀ wọ́n lọ́rùn, kò sí nǹkan mọ́ ní báńkì.

Àwọn kan ní ìjọba Jámánì ló pa á kó má baà ta àṣírí ọkọ̀ abẹ́ omi fún Ìlú Ọba, àwọn mìíràn ní àwọn elépo ni. Irú ìtàn yẹn máa ń dùn ún kà lóru. Èmi, báàgì àti àmì inú ìwé ni mo gbà gbọ́ ju gbogbo wọn lọ. Ó jẹ́ ẹni ọdún 55.

Ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn ikú rẹ̀ ni ọkọ̀ akẹ́rù wá gba ẹ́ńjìnnì rẹ̀. Ní ọdún 1923 sí 1924, Benz àti MAN gbé tírọ́ọ̀kì onídíṣẹ́ẹ̀lì jáde. Wọ́n ti yọ ẹ̀rọ atẹ̀gùn ńlá yẹn kúrò, wọ́n ti wá ọ̀nà tí epo fi lè wọlé láìsí i. Lẹ́tà MAN tí a ń rí níwájú ọkọ̀ lójú ọ̀nà Ìbàdàn sí Èkó, A inú rẹ̀ dúró fún Augsburg, ilé iṣẹ́ Buz, níbi tí òṣìṣẹ́ yẹn ti ṣí fìlà rẹ̀.

Títi atẹ́gùn tí Diesel ní kí wọ́n yọ náà tún padà wá. Alfred Büchi, ará Switzerland, ló rí i pé èéfín tó ń jáde ní agbára tó ń ṣòfò lára. Ó gba ìwé àṣẹ ní ọdún 1905 lórí kí èéfín yìí máa yí ohun tó máa ti atẹ́gùn wọlé. Ní Sulzer ló ti ṣe ìwádìí rẹ̀, ilé iṣẹ́ tí Diesel ti ṣiṣẹ́ nígbà tí ibà ò jẹ́ kó ṣe ìdánwò. Ó tó ọdún 1925 kó tó yọrí sí rere, agbára ẹ́ńjìnnì sì fi ju ìdá 40 nínú 100 lọ sókè. Lónìí, inú ẹ́ńjìnnì tírélà tó ní tọ́ọ̀bò, ipá tó ń bẹ́ níbẹ̀ nígbà tí epo bá jó máa ń tó ìlọ́po 200, ó sì máa ń jù bẹ́ẹ̀ lọ nígbà mìíràn. Iye tí wọ́n fi Diesel ṣe yẹ̀yẹ́ ní ọdún 1893 nìyẹn, tàbí ó kù díẹ̀. Irin ló bá a.

Ó ku ọ̀rọ̀ náà fúnra rẹ̀. A gbọ́ pé ó wá orúkọ títí fún ẹ̀rọ rẹ̀, Martha ló sì ní kó kúkú fi orúkọ ara rẹ̀ pè é. Orúkọ ènìyàn di orúkọ ẹ̀rọ, orúkọ ẹ̀rọ di orúkọ epo, lẹ́tà ńlá rẹ̀ sì di kékeré. Nígbà tó dé ọ̀dọ̀ wa, a kò ní kọ́ńsónáǹtì z, a fún un ní s tàbí ṣ. Kọ́ńsónáǹtì kì í parí sílébù wa, a fi fáwẹ́lì tì í lẹ́yìn. Nínú ìwé mi, mo rí díṣẹ́ẹ̀lì, dísẹ́ẹ̀lì, àti dísù lẹ́nu àwọn tó yára jù.

Tírélà náà kúrò ní ọgbà lẹ́yìn ọjọ́ mọ́kànlá. Wọ́n gé orí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ tẹ́jú, wọ́n fi bóòtù tuntun sí i, Dádì Kékeré sì dá tọ́ọ̀bò àti pọ́ǹpù padà sí iye tí wọ́n bá a láti ilé iṣẹ́. Ó sọ fún ẹni tó ni ọkọ̀ pé bó bá fẹ́ agbára jù bẹ́ẹ̀ lọ, kó lọ wá owó písítínì, kílọ́ọ̀ṣì àti gíábọ́ọ̀sì kó tó sọ ti tọ́ọ̀bò. Ọkùnrin náà ní òun gbọ́, ó tún ní òkè ti máa ń dá òun dúró tẹ́lẹ̀.

Lálẹ́ ọjọ́ yẹn mo ṣí ìwé kékeré mi. Níwájú díṣẹ́ẹ̀lì, lábẹ́ ibi tí ọ̀rọ̀ ti wá, mo ti kọ Gẹ̀ẹ́sì sí i. Mo fi ìlà pa á rẹ́, mo kọ orúkọ ọkùnrin náà, pẹ̀lú lẹ́tà ńlá.